Ọwọ́ Ta Ni Ọ̀bẹ Wà?

KẸ́MI: Àǹtí, bí aláìsàn bá ní òun ò fẹ́ kí wọ́n dá ọkàn òun dúró, ó yẹ kí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn náà láìlo ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn ṣiṣẹ́ nígbà tó bá dúró. Ara rẹ̀ ni. Ṣebí ọkàn ń lù lọ́wọ́ nígbà tí dókítà Kolesov fi iṣan àyà la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ ní Leningrad lọ́dún 1964.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Òun ló lara, n ò jiyàn. Àmọ́ kí ni wọ́n sọ fún un kó tó yàn? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín aláìsàn 2,203 sí ọ̀nà méjèèjì ní ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 87.8 nínú ọgọ́rùn-ún iṣan tí wọ́n rán pẹ̀lú ẹ̀rọ ló ṣì là, 82.6 ni ti àwọn tí kò lo ẹ̀rọ. Nígbà tó fi máa pé ọdún márùn-ún, ìdá 15.2 ti kú lára àwọn aláìlẹ́rọ, 11.9 lára àwọn yòókù.

KẸ́MI: Èyí tó gbè yín lẹ mú. Ìwádìí CORONARY kó èèyàn 4,752 jọ ní orílẹ̀-èdè 19, kò sì rí ìyàtọ̀ gidi lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn aláìlẹ́rọ ò tilẹ̀ nílò kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára tó àwọn tó kù.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Ní CORONARY, dókítà gbọ́dọ̀ ti fi ọ̀nà tó fẹ́ lò ṣiṣẹ́ ju ìgbà 100 lọ. Ti Amẹ́ríkà, 20 péré tó. Àwọn aláìsàn ìwádìí méjèèjì ò dọ́gba, nítorí náà n ò ní sọ pé ìrírí nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ta ló lè fojú fo ìyẹn? Ẹni tó bá fi iye ìgbà tó ti ṣe é pa mọ́ fún aláìsàn ti rẹ́ ẹ jẹ, kódà bí aláìsàn náà bá yè.

KẸ́MI: Tí gbogbo wọn bá ń jẹ́wọ́, ta ni yóò gbà kí wọ́n fi òun kọ́ṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ a ò lè jẹ́ kí iṣẹ́ náà parun. Ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá rẹ̀ ti le gbagidi, bí wọ́n bá há a mọ́ irin kí wọ́n lè lo ẹ̀rọ, èérún lè já wọ ọpọlọ, kó di rọpárọsẹ̀.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Kí dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ kọ́ ọ lójú ọ̀gá, kí aláìsàn sì mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yóò gbà. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló lò. Ti ẹni tí òpó rẹ̀ ti le yìí, kí dókítà tí kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kọ̀wé, kó fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn mìíràn ni owó náà yóò bá lọ.