Agbọ́tí Tó Gbàgbé

Ará nínú Olúwa, mo tún ka Jẹ́nẹ́sísì orí 40 lọ́sẹ̀ yìí, ọkàn mi sì dúró lórí agbọ́tí Fáráò. Jósẹ́fù kò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ní kó ṣàánú òun, kó dárúkọ òun fún ọba ni. Lọ́jọ́ kẹta, tí í ṣe ọjọ́ ìbí Fáráò, ọkùnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́. (Ti alásè kò ṣe é sọ.) Ọdún méjì gbáko kọjá kó tó rántí.

Èmi ò rò pé ó kórìíra Jósẹ́fù. Ara ló tù ú. Ẹ sì wò ó dáadáa: ìgbà tí àlá ọba rú gbogbo amòye Íjíbítì lójú ló tó rántí. Àìní ọba ló rán an létí, kì í ṣe ìyà ẹni tó wà lẹ́wọ̀n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ti sìnrú ìlú tán, tẹ́ ẹ ti ríṣẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Arákùnrin tó gbà yín sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tẹ́ ò rí yàrá, tẹ́ ẹ jọ ń mu gàrí, ti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí yín. Kò tọrọ owó. Ó ní bí àyè iṣẹ́ bá ṣí sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ dárúkọ òun. Ẹ kà á, ẹ ní ẹ máa fèsì tó bá yá. Ó ti pé oṣù mélòó báyìí?