Ṣé Ìrẹ́jẹ Kékeré Wà Nínú Òṣùwọ̀n?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó dá ohun gbogbo pẹ̀lú òṣùwọ̀n.

Púpọ̀ nínú wa, òwò ni ó gbé wa dé ìlú tí a wà yìí. A ń ra epo ní kẹ́ẹ̀gì àti dúrọ́ọ̀mù, a sì ń tà á ní ìgò àti ago. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: ẹni tí ó bá dín díẹ̀ kù nínú òṣùwọ̀n kékeré, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni ó dá?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú òṣùwọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 1824, tí wọ́n sì mú wá sí ilẹ̀ wa, gálọ́ọ̀nù 1 jẹ́ kúọ́ọ̀tì 4, kúọ́ọ̀tì 1 jẹ́ páìntì 2, páìntì 1 sì jẹ́ áúǹsì 20. Nítorí náà, páìntì 8 tàbí áúǹsì 160 ni ó wà nínú gálọ́ọ̀nù 1. Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa: sá'ì 1 tí a fi ń yọ sàká ìtúnu ààwẹ̀, múdù 4 ni.

Ẹ wá wo ẹni tí ó ń ta òróró. Ó lu ìdí ago rẹ̀ wọnú díẹ̀, áúǹsì 1 péré ni ó sì dín nínú páìntì kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ta páìntì 160, áúǹsì 160 ti kù sí i lọ́wọ́. Odindi gálọ́ọ̀nù kan nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ.

Àwọn kan á ní, “Bí a bá ń da epo, díẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ àrọ, díẹ̀ a máa ṣòfò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ a sì máa kù nísàlẹ̀. Ṣé kí òǹtàjà wá jẹ gbèsè ni?” Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi òfò náà kún owó. Owó, ẹnu ni a fi ń pè é. Òǹrajà á gbọ́, á ná an, ó lè rà, ó sì lè kọjá lọ. Ìdí ago kì í sọ̀rọ̀.

Orúkọ òṣùwọ̀n pàápàá ń fẹ́ àlàyé. Gálọ́ọ̀nù àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó lítà 4.546, ti Amẹ́ríkà kò ju lítà 3.785 lọ. Láti àwọn ọdún 1970 ni Nàìjíríà ti yí sí lítà, síbẹ̀ a ṣì ń pe ike lítà 4 ní gálọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni ó fi ohun tí ó ju ìlàjì lítà lọ dín sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí òǹtàjà àti òǹrajà bá jọ mọ èyí tí wọ́n ń sọ, kò sí ẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ òǹtàjà nìkan ni ó mọ̀, ìrẹ́jẹ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Nínú ìṣirò, áúǹsì 160 á di gálọ́ọ̀nù, gálọ́ọ̀nù náà á sì padà di áúǹsì 160. Ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn kì í padà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jí gálọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ ẹnì kan mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn láti dá a padà. Ẹni tí ó kó o jọ lọ́wọ́ 160 ènìyàn ńkọ́? Ìyá tí ó ra ti ọbẹ̀ alẹ́, awakọ̀ tí ó ń kọjá lọ, aládùúgbò tí ó ti padà sílé: níbo ni yóò ti rí wọn? Àwọn àlùfáà ní kí ẹni tí kò bá rí olówó mọ́ fi iye rẹ̀ ṣe sàráà ní orúkọ rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì dà bí kí olóhun fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun dárí jì í.

Ànábì Ṣuaibu kìlọ̀ fún àwọn ará Madiyana lórí òṣùwọ̀n, súrà kan sì ń jẹ́ Al-Mutaffifīn, àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Àwọn onímọ̀ Lárúbáwá fà á yọ láti ara “tafīf”, ohun díẹ̀ tí kò tó nǹkan. Inú orúkọ náà gan-an ni ìdáhùn wà: ohun díẹ̀ yẹn ni ìkìlọ̀ náà dá lé.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù fi ago páìntì rẹ̀ bu omi sínú gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì tí ó pé. Bí ó bá bù ú lẹ́ẹ̀mẹjọ tí kò kún, kí ó pa ago náà tì kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ní ìlú onílùú, ago ẹnì kan lè ba gbogbo wa lórúkọ jẹ́. Kí Ọlọ́hun fi halali tó wa. Àmín.