Ta Ni Yóò Bi Àgbà Léèrè?

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn, tí mo sì padà sílé ní Ayépé, ohun tó ń ká mi lára jù ni pé kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn mọ́. Ohunkóhun tí mo bá sọ, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá" ni wọ́n ń fi dá mi lóhùn. Ọ̀wọ̀ dùn mọ́ mi. Àmọ́ ẹni tí gbogbo ènìyàn ń gbà fún, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí èrò rẹ̀ bá ṣìnà?

Ṣé ọjọ́ orí náà ni ọgbọ́n? Àwọn baba wa ti fèsì: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Tó bá jẹ́ ọgbọ́n ẹlòmíràn ló ń gba àgbà là, a jẹ́ pé àgbà tó ń dá ronú wà nínú ewu, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ pọ̀ tó.

Àwa Ìjẹ̀bú mọ ẹgbẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin a máa wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ kí Awùjalẹ̀, ọba wa, ní Ojúde Ọba. Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ mi dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìgbà kan náà ni wọ́n bí wa, ohun kan náà lojú wa rí, èrò wa sì sábà máa ń dọ́gba.

Lórí fóònù ni mo ti rí ẹgbẹ́ kejì. Dátà wọ́n, iná kì í dúró, síbẹ̀ àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àtàwọn ọmọ wa tó wà ní London ń pàdé lórí Zoom. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ ohun tí wọ́n ń sọ ní Òkè-Ẹ̀rí, níbi tí sàréè Bìlíkísù Súngbọ́ wà: pé òun ni Ọbabìnrin Ṣébà tó lọ bẹ Sólómọ́nì wò, òun ló sì ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò, yàrà tó gùn ju 160 kìlómítà lọ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ọmọbìnrin kan ní, "Ẹ má bínú, sà. Ìgbà Sólómọ́nì sí ìgbà Erédò ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Kí ló so wọ́n pọ̀?"

Ìbéèrè yẹn gbé mi dé Òkè-Ẹ̀rí. Ìtàn mìíràn wà níbẹ̀, ti obìnrin ọlọ́lá tí kò bímọ, tó fi Erédò ṣe ohun ìrántí ara rẹ̀. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, a fi Sólómọ́nì sílẹ̀, a wá ń bi ara wa pé: ta ló lágbára láti kó òṣìṣẹ́ tó lè gbẹ́ irú yàrà bẹ́ẹ̀ jọ, kí ló sì dé tí ìrántí ìran wa fi dúró lé obìnrin lórí? A ò tíì rí ìdí rẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tó fi yẹ ká ní alábàáronú: ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo lè parun lóòjọ́. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù ní London, òun náà sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba, ló kó àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ, tó tún un kọ. Ìwé náà jáde ní 1921, lẹ́yìn tí Obadiah náà ti kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ̀yìntì, ẹ wá àwọn tí yóò máa bi yín pé, "Níbo lẹ ti rí i?" Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kúnlẹ̀ kí wa, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wa, kí ẹ sì bi wá léèrè. Ìbéèrè wà lára ọ̀wọ̀ tí ẹ jẹ wá.