Ẹni Tí Yóò Dá Aṣọ fún Ni

Nígbà tí àwọn baba wa bá fẹ́ kọ́ ọmọ bí a ti ń gba ìlérí lọ́wọ́ ènìyàn, òwe kan tí wọn kì í gbàgbé ni èyí tí ó ní: ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ wò. Òwe náà kúrú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú u yóò rí i pé ẹjọ́ ńlá ni ó ń dá láàárín ẹni tí ó ní àti ẹni tí kò ní, láàárín ẹnu tí ń ṣèlérí àti ara tí ń jẹ́rìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó lórí ọ̀rọ̀ àwa Onígbàgbọ́, nítorí aṣọ ni ìwàásù wa láti àárọ̀ dé alẹ́: aṣọ ìgbàlà, aṣọ òdodo, aṣọ funfun tí a óò wọ̀ níwájú ìtẹ́.

Ní agbègbè wa yìí, láti Èjìgbò títí dé ìlú Ara, a kò ní láti rìn jìnnà kí òwe náà tó yé wa, nítorí ilẹ̀ Ògìyán ni a wà, òrìṣà funfun, aláṣọ àlà tí kò fẹ́ àbàwọ́n. Kí Bíbélì tó dé ni àwọn ìyá wa ti mọ̀ pé àlà kì í ṣe aṣọ ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá ti fọ aṣọ funfun rí mọ ibi tí iṣẹ́ wà: kì í ṣe etí rẹ̀ tí ń wọ́ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe apá, ọrùn ni. Ibẹ̀ ni òógùn àti èérí ara máa ń dì sí, tí yóò di ilà rúsúrúsú kan tí ọṣẹ kì í tètè ká, tí ènìyàn yóò fi àtàǹpàkò méjèèjì ra á títí tí èékánná yóò fi rọ̀. Aṣọ lè máa dán lókèèrè bí ẹyẹ lékeléke, ọrùn rẹ̀ ni yóò sọ òtítọ́ fún ẹni tí ó bá súnmọ́ ọn. Nítorí náà ni àwọn àgbà kò fi ní kí a wo fìlà aláàánú wa tàbí bàtà rẹ̀.

Ojú yìí ni ó yẹ kí a fi wo àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé aṣọ náà tọ̀ wá wá. Ọdún 1850 ni Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Jọ́jíà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì; nígbà tí ó fi di 1855, ó ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ta gbòǹgbò ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ibà bá a jà, ogun yí i ká, síbẹ̀ ó kọ́ èdè wa dé ibi pé ó ṣe ìwé gírámà àti ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1858. Èmi kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọrùn àwọn tí ó rán an níṣẹ́, a óò rí ohun tí ń dun ni: ẹgbẹ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ti gúúsù Amẹ́ríkà ni, tí a dá sílẹ̀ ní Augusta ní 1845, nígbà tí wọ́n ya kúrò lára àwọn ará àríwá tí kò gbà kí ẹni tí ó ní ẹrú di ajíhìnrere. Ọwọ́ kan ń gbé ìhìn òmìnira kọjá òkun, ọwọ́ kejì di ẹ̀wọ̀n mú ní ilé. Ó di 1995, 150 ọdún gbáko, kí wọ́n tó tọrọ ìdáríjì.

Ti Àjàyí Crowther tún wọ ni lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi ní 1822, ni a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864. Òun sì ni ó ṣíwájú àwọn tí ó fi Bíbélì sí ẹnu wa ní èdè tí ìyá wa fi rẹ̀ wá. Nígbà tí ó di 1890, tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún, ni àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé sí Odò Ọya, tí wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, tí wọ́n sì sọ baba arúgbó náà di ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tà mọ́. Ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891 ni ó kú. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 2014 ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury tó wí ní gbangba pé ìjọ ṣẹ baba náà.

Kí a má sì ṣe rò pé ọrùn òyìnbó nìkan ni èérí wà. Ní Àbẹ́òkúta, láàárín 1877 àti 1880, nígbà tí James Johnson, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró, jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. níbẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ wà tí wọ́n ní ẹrú, tí wọ́n sì ní ìwọ̀fà lóko. Ó tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀. Inú bí wọn. Àtakò pọ̀ títí àwọn aláṣẹ fi mú un kúrò níbẹ̀ ní 1880. Ẹni tí ó ní kí a fọ ọrùn aṣọ ni a lé kúrò létí odò.

Àwọn kan wà, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé, tí wọ́n bá gbọ́ ìtàn báyìí, wọn a ní ó tán nìyẹn, kí a dá aṣọ náà padà fún ẹni tí ó ni ín. Mo mọ ohun tí ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ òwe náà tán. Kọ́kọ́ ni òwe wí. Ohun tí a bá kọ́kọ́ wò ní ohun tí a óò tún wò lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ fúnra rẹ̀ sì ni: ṣé òwú rẹ̀ yi, ṣé ó lè bo ọmọ aráyé lójú ọyẹ́? Ahunṣọ lè wọ àkísà kí aṣọ tí ó hun má bàjẹ́. Jésù pàápàá ti dá irú ẹjọ́ yìí nínú Matiu orí 23, nígbà tí ó ní kí àwọn ènìyàn pa ẹ̀kọ́ àwọn akọ̀wé àti Farisí mọ́, kí wọ́n má sì tẹ̀lé ìṣe wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Moses Ladejo Stone àti ẹni tí a wá mọ̀ sí Mojola Agbebi ṣe ní Èkó ní 1888, nígbà tí wọ́n ya kúrò lábẹ́ òyìnbó Onítẹ̀bọmi tí ń fi ọwọ́ líle darí wọn. Wọ́n wo ọrùn, wọ́n rí èérí, wọ́n sì mú aṣọ náà lọ sílé lọ rán an níwọ̀n ara wọn.

Apá kan tún wà nínú òwe yìí tí a kì í fẹ́ sọ. Ẹni tí ń gbàṣọ lánàá ti di ẹni tí ń dáṣọ fún ẹlòmíràn lónìí. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò ni ó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi Yorùbá dé Gánà àti Àbíjàn. Ọrùn tiwa ni àwọn ará ibẹ̀ ń wò.

Mo jẹ́ akọ̀wé ìjọ kan nígbà kan rí. Ìyá àgbàlagbà kan wà láàárín wa tí ń gbá ilé ìsìn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá náà kú. Kí a tó lè ránṣẹ́ sí oníwàásù, àwọn àgbà ìjọ ní kí n gbé ìwé wá: ìyá jẹ owó ìkórè ọdún mẹ́ta, òfin sì ni pé ìjọ kì í sin òkú onígbèsè. Èmi ni mo ṣí ìwé náà. Èmi ni mo ka iye rẹ̀ sókè, nínú àgbádá funfun, pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù ẹgbẹ́ lọ́rùn, nígbà tí àwọn aládùúgbò tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè owó.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé wá, ó kúnlẹ̀ kí wa. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “èló ló wà lọ́rùn màmá mi?”

Mo tún un sọ. Ó gbójú sókè, ó wo ọrùn mi, kò sì tètè gbé ojú kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì ń ka owó náà sórí ìwé tí mo ṣí sílẹ̀, náírà lọ́tọ̀, sẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn lọ́tọ̀, títí ó fi pé.