Ẹ̀ka Tí Ó Tutù Jù
(Jòhánù 15:1-8)

Igi ficus ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà wa, tí ewé rẹ̀ ní funfun létí, ṣàdédé yọ ẹ̀ka tí kò ní funfun rárá, ó tutù yọ̀yọ̀. Inú wa dùn. Àṣé ibi tí ó funfun lára ewé kò lè fi oòrùn ṣe oúnjẹ. Ẹ̀ka tuntun yìí ló ń jẹun jù, yóò sì bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Bí a bá rẹ́ orí rẹ̀, yóò tún rú. Láti ìdí ni kí a ti gé e.

Ẹ wo ìpàdé aṣọ ẹbí àjọ̀dún yìí, ó kún fọ́fọ́! Ìṣọ́ òru ńkọ́? Àwa méje. Àwa tí a ń kọ èyí gan-an ni a ń gba owó aṣọ. A ti gé ti igi.