Àjèjì Tó Ń Wá Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Ànábì Mūsā

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń pín arísìkí fún gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò wíwá iṣẹ́ ni a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí. Ojú àwọn kan nínú wa ti ń lọ sí Trinidad, erékùṣù kan ní Karibíánì. Ilẹ̀ epo rọ̀bì àti gáàsì ni. Mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, gbogbo ìlú ni ó sì ń gba ìsinmi lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. Àjèjì tó wá ṣiṣẹ́ kì í ṣe tuntun níbẹ̀: ní ọdún 1845 ni ọkọ̀ Fatel Razack kó àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ wá láti Íńdíà, Mùsùlùmí sì wà lára wọn.

Islam kò kọ ìrìn-àjò. Sūratul-Mulk (67:15) kọ́ wa pé Ọlọ́hun ni Ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa, kí á lè rìn ín, kí á sì jẹ nínú arísìkí Rẹ̀. Báwo ni kí á ṣe rìn ín? Ẹ jẹ́ kí á wo Ànábì Mūsā (A.S.) nínú Sūratul-Qasas (28:22-28). Nígbà tí ó dé Madyan, kò ní ilé, kò ní iṣẹ́. Ó bá ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi láìbèèrè owó, ó bọ́ sí abẹ́ ibòji, ó sì ké pe Olúwa rẹ̀. Ohun méjì ni ọ̀kan nínú wọn fi jẹ́rìí rẹ̀ fún bàbá wọn: ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Bàbá náà kò fi ọ̀rọ̀ bò. Ọdún 8 ni iṣẹ́. Bí Mūsā bá sọ ọ́ di 10, ọ̀rẹ́ àtinúwá ni. Ohun tí yóò gbà ni pé kí ó fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà. Wọ́n fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Trinidad náà, àdéhùn ni ó ṣáájú. Àjèjì lè ṣiṣẹ́ fún 30 ọjọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín oṣù 12, láìgba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé àṣẹ di dandan. Ọ̀gá tó fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ ni ó ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, yóò sì fi hàn pé òun ti polówó iṣẹ́ náà fún àwọn ọmọ ìlú. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní kí ẹ mú owó wá fún ìwé iṣẹ́, ẹ bi í léèrè: ta ni ọ̀gá náà? Iṣẹ́ wo ni? Ṣé kì í ṣe ọtí ni a ó máa tà? Èló ni owó oṣù? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má ta ilẹ̀ bàbá yín.

Wọ́n máa ń bi wá ní ilé kéwú pé: bí iṣẹ́ bá jẹ́ hàlálì, ṣé ó burú kí á gba fisa àlejò wọlé, kí á wá máa ṣiṣẹ́ níkọ̀kọ̀? Èsì wa ni pé àdéhùn ni fisa, ìbẹ̀rẹ̀ Sūratul-Mā'idah sì pa á láṣẹ kí onígbàgbọ́ máa mú àdéhùn ṣẹ. Ẹ tún wo ìyà ibẹ̀: bí ọ̀gá bá jẹ owó oṣù mẹ́ta mọ́ òṣìṣẹ́ tó ń sá pamọ́, ta ni yóò fẹjọ́ sùn? Ànábì wa (S.A.W.) ti jẹ́ kí á mọ̀ pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni yóò bá ẹni tó lo òṣìṣẹ́ tí kò san owó rẹ̀ ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Ẹ̀bi ọ̀gá kò sì sọ irọ́ tiwa di òdodo.

Ẹ̀yin ará, ẹ kọ́ iṣẹ́ kí ó dá yín lójú, agbára nìyẹn. Ẹ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ìfọkàntán nìyẹn. Ẹ gba àdéhùn yín ní kíkọ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Kí Ọlọ́hun fún wa ní arísìkí hàlálì, nílé àti lájò. Āmīn.

Wa salāmu alaykum.