Ta Ni Ó Ni Ìpàdé?

Àwa olùkọ́ yunifásítì fẹ́ràn àpérò púpọ̀. A óò pe igba ènìyàn jọ, a óò tò wọ́n sórí ìjókòó bí ọmọ ilé-ìwé, ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò sì máa ka àpilẹ̀kọ fún wọn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Alága yóò ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó kù fún ìbéèrè. Kí ẹni kejì tó la ẹnu, wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Síbẹ̀, a óò kọ ọ́ sínú ìròyìn pé gbogbo igba ènìyàn náà ni ó kópa. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á pe ènìyàn, kí á gba odidi ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí á má sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ó wà ní inú rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ètò lásán ni èyí, pé kò kan ìwà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a pè tí a kò fún ní ohùn, ẹlẹ́rìí ni a fi í ṣe fún ìpinnu tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ìrẹ́jẹ ni, bí ó ti wù kí ìrẹsì tí a fi ṣe é lálejò dùn tó.

Ní ọdún 1983, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Harrison Owen, ṣètò àpérò fún 250 ènìyàn. Odidi ọdún kan ni ó fi ṣe wàhálà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, òun àti àwọn àlejò rẹ̀ gbà pé àsìkò tí wọ́n dìde lọ mu kọfí ni ó ṣe wọ́n láǹfààní jù lọ. Ibi tí kò ṣètò sí gan-an nìyẹn! Ọkàn rẹ̀ wá padà sí Balamah, abúlé kan ní Làìbéríà, níbi tí ó ti wo ayẹyẹ tí wọ́n fi ń mú ọmọdékùnrin wọ ẹgbẹ́ àgbà. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, kò sì rí ìgbìmọ̀ elétò kankan. Ní ọdún 1985, ní Monterey ní ìpínlẹ̀ California, ó to àga ní òbìrìkítí, ó sì ní kí ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kọ ọ́ sórí bébà, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wù lọ bá a níbẹ̀. (Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé àwa tí a bí sínú agbo ni a wá ń to àga ní ìlà.)

Ṣùgbọ́n àga nìkan kọ́. Mo ti bá wọn jókòó ní ìpàdé ẹbí tí a jókòó yípo, tí ọ̀rọ̀ sì kú mọ́ wa lẹ́nu, nítorí pé baálé ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti sọ tirẹ̀ tán, ta ni nínú àwọn àbúrò àti ìyàwó ilé tí yóò tún wí òmíràn? Baálé tí ó mòye a máa dákẹ́ títí gbogbo ilé yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ti ọmọdé kò sì lè jáde bí ti àgbà bá ti dí ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí ó ń ba olùpèpàdé lẹ́rù ni pé ẹni tí a fún ní ohùn lè yí ọ̀rọ̀ padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Ní oṣù kejì ọdún 1990, Ààrẹ Mathieu Kérékou pe àpérò orílẹ̀-èdè Benin sí Kútọnu. Àwọn tí wọ́n péjọ sún mọ́ 500. Isidore de Souza, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà, ni alága wọn. Àwọn tí a pè wọ̀nyí kéde pé àṣẹ ni ìpinnu àwọn, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Kérékou gbà nígbẹ̀yìn. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Nicéphore Soglo borí rẹ̀ nínú ìdìbò. Olùpèpàdé tí kò bá ṣetán fún irú àyípadà bẹ́ẹ̀, kí ó kúkú fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn nílé. Owó ọkọ̀ yóò kù.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń fi tipá mú ènìyàn sọ̀rọ̀. Wọn yóò nàka sí ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ pé òun ni ọ̀rọ̀ kàn. Èyí náà kò tọ́, nítorí pé ẹlòmíràn wá láti gbọ́ ni, ojú ogunlọ́gọ̀ sì ń ti ẹlòmíràn. Mo máa ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sí mẹ́ta mẹ́ta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ̀rọ̀ gbangba tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ẹni tí kò tíì la ẹnu láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ó béèrè ohun tí ó dá wa dúró títí ilẹ̀ fi ṣú.